Ìgbà Tí Mo Dí Fèrèsé Nítorí Ìyá Ìyàwó Mi

Òórùn koríko tó ń jó ló kọ́kọ́ wọlé, kí ojú wa tó rí èéfín. Ìgbà òtútù ni, ní Midrand tí à ń gbé nílẹ̀ òkèèrè, tí koríko pápá ẹ̀yìn ilé wa gbẹ bí ìwé. Ìyá ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Iléṣà dé láti wá wo ọmọ-ọmọ wọn, ikọ́ fée sì ti ń bá wọn jà láti kékeré.

Kí n má purọ́, inú mi dùn. Mo ti kàwé nípa èéfín títí. Mo mọ̀ pé eruku inú rẹ̀ kéré débi pé ó ń gba ẹ̀dọ̀fóró bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, pé aṣọ lásán kò lè dá a dúró, àfi ìbomú tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ pinpin. Mo tilẹ̀ ní ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn eruku inú afẹ́fẹ́. Kíá, mo ti fèrèsé, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ etí fèrèsé náà pa, mo rẹ aṣọ ìnura sómi, mo tẹ́ ẹ sí abẹ́ ilẹ̀kùn. Mo dọ̀bálẹ̀ bẹ àna mi kí wọ́n má jáde. Wọ́n ní kò burú, ẹni tó mọ̀nà là á tẹ̀lé.

Àmọ́ àna kọ́ là ń gbé ọbẹ̀ inú firíìjì fún. Èmi fúnra mi ni mo gbé epo pupa kaná títí ó fi ń rú, mo da ata lílọ̀ sí i. Ẹ̀rọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo ní èéfín ìta ti rí ihò gbà wọlé. Mo mú sẹ́lótéèpù, mo ń wá ihò kiri ojú fèrèsé, ata ń dín lórí iná, àyà àna mi sì ti ń fọn bí fèrè.

Ọmọ mi obìnrin, tí Gẹ̀ẹ́sì kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, fà mí láṣọ. "Daddy, it's the pot."

Ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà. Ìyàwó mi pa iná. Ó fún ìyá rẹ̀ ní oògùn tí wọ́n ń fà sí ọ̀fun, ó fi mọ́tò gbé wọn lọ sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Bruma, níbi tí ojú ọ̀run ti mọ́.

Nígbà tí wọ́n padà dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní, "Ọkọ ọmọ mi, iná ìlú yín yìí ì bá pa mí, ọpẹ́lọpẹ́ yín. Ọbẹ̀ yẹn ńkọ́?" Ìyàwó mi wò mí. N kò lè sọ òtítọ́.

Lónìí, bí pápá bá ti ń jó, búrẹ́dì àti ẹyin bíbọ̀ là ń jẹ. A kì í dín ohunkóhun. Ṣùgbọ́n àna mi ṣì máa ń pè láti Iléṣà, tí wọ́n á máa ròyìn mi fún àwọn aládùúgbò, tí wọ́n á sì gbàdúrà pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n pàdé ẹni tí yóò dí mi lẹ́mìí. Mo máa ń ṣe àmín.