Ọjọ́ Tí A Gbé Táǹkì Omi Sórí Ilé Wa

Ọjọ́ tí a gbé táǹkì omi sórí ilé wa ní àdúgbò Bẹyẹrúnkà ni n kò lè gbàgbé láéláé. Láàárọ̀, àbúrò ọkọ mi tó jẹ́ ẹnjiníà ṣí ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kó lè mọ̀ bóyá ògiri yóò lè gbé táǹkì náà dúró.

"Bàbá, búlọ́ọ̀kù ni ògiri yìí, àbí?" ló bi bàbá ọkọ mi.

"Kí ni ì bá tún jẹ́? Ṣé inú amọ̀ ni mo bí ẹ sí ni?"

Amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lójú ni ògiri náà. Mo ti kan ìṣó mọ́ ọn rí, erùpẹ̀ pupa ló dà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò lè pe bàbá ọkọ mi ní onírọ́. Mo ń fún ọmọ mi lọ́yàn nìṣó. Àbúrò ọkọ mi tẹ búlọ́ọ̀kù sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ní kò séwu.

Lọ́sàn-án, bí omi ṣe kún táǹkì tí a gbé sókè, ògiri wó lu ìyá ọkọ mi tó jókòó nídìí rẹ̀. Òkú wọn la wú jáde.

Títí dòní, àbúrò ọkọ mi ṣì ń yẹ ìṣirò yẹn wò. "Ìyàwó wa, níbo ni mo ti ṣì í?" N kò tíì sọ ti erùpẹ̀ pupa yẹn fún un.