Bàbá Ìsinsìnyí àti Ọkọ̀ Tó Gun Òkè

Lọ́jọ́ tí àwọn àlejò pàtàkì wá wo ẹ̀rọ tuntun ní èbúté, afẹ́fẹ́ já wáyà rédà, ẹ̀rọ aṣọ́kọ̀ tó ń yí lórí òrùlé. Ìròyìn kò dé inú kọ̀ǹpútà mọ́. Lójú ẹsẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo àmì kéékèèké tó dúró fún ọkọ̀ ojú omi, ọ̀rọ̀ pupa yọ lójú ẹ̀rọ: MI Ò MỌ̀.

Òógùn bo ọ̀gá àgbà. "Kí lèyí? Ẹ̀rọ olówó gọbọi ló ń sọ pé òun ò mọ̀?"

Bàbá Ìsinsìnyí, tó kọ ètò kọ̀ǹpútà náà, kò tilẹ̀ dìde. "Kò mọ̀ lóòótọ́ ni, sà. Ṣé kó wá purọ́ torí pé àlejò wà nílé ni?"

Orúkọ ìnagijẹ náà kò ṣẹ̀yìn ìwà rẹ̀. Ìròyìn tó bá ti lo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ìtàn àtijọ́ ni lójú tirẹ̀. Bí aṣọ́bodè bá kí i pé "Ẹ káàárọ̀ sà" nígbà tí aago méjìlá ti fi ìṣẹ́jú méjì kọjá, á kọ́kọ́ wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Ọ̀rẹ́, àárọ̀ ti lọ." Àwa yòókù, ọṣẹ á ṣì wà lójú wa, a ó máa sọ lórí fóònù pé a ti wà lọ́nà. Nígbà tí akọ̀wé ọ̀gá pè é fún ìpàdé, ó ní, "Mi ò tíì wọ ṣòkòtò." Gbogbo ìgbìmọ̀ ló gbọ́ ọ, torí akọ̀wé ti tan gbohùngbohùn fóònù.

Igbákejì rẹ̀, obìnrin kan tó ti bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ọmọ méjì nílé ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn ẹ̀sín ọjọ́ àlejò, ọ̀gá pè é sí kọ̀rọ̀.

"Yọ ìsọkúsọ yẹn kúrò kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Bí ìròyìn bá dáwọ́ dúró, kí àmì ọkọ̀ ṣáà máa yọ́ lọ bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwọ àti Bàbá Ìsinsìnyí rẹ, ilé yá."

Ó yọ ọ́, ó sì kọ èyí tí ọ̀gá fẹ́ rọ́pò rẹ̀. Kò sì sọ fún bàbá.

Ní ọjọ́ Ẹtì, bàbá tan ẹ̀rọ, ó rí i pé wọ́n ti yí ètò òun padà. Kò pariwo. Ó pe ọ̀gá àti igbákejì wọlé, ó ní kí wọ́n máa wo ọkọ̀ kékeré kan tó ń bọ̀ létíkun, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ wáyà rédà. Àmì ọkọ̀ náà kò dúró. Ó kọjá ibi ìdíkọ̀, ó gun ilẹ̀, ó ré títì kọjá.

Bàbá gbé fóònù. "Awakọ̀, ibo lo wà?"

"Mo ti so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, bàbá. Búrẹ́dì ni mò ń jẹ."

Bàbá tọ́ka sójú ẹ̀rọ. "Inú ọ́fíìsì yín ló ti ń jẹ ẹ́, sà."

Ọ̀gá fajú ro. "Ta ló ṣe irú iṣẹ́ báyìí?"

Igbákejì fẹ́ sọ̀rọ̀, bàbá ti gbà á lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ ní ká ṣe é, sà," ni bàbá wí.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti dá ọ̀rọ̀ pupa náà padà. Bàbá kò sì dárúkọ ọjọ́ yẹn fún igbákejì títí ó fi kú. Ọdún mẹ́jọ ni ọ̀rọ̀ náà fi gún un lọ́kàn bí ẹ̀gún.

Lẹ́yìn ìsìnkú bàbá, igbákejì jókòó ti ìyàwó olóògbé ní pálọ̀.

"Mà, èmi ni mo yọ ọ̀rọ̀ pupa bàbá kúrò nígbà yẹn. Mi ò mọ ohun tí wọ́n rò nípa mi."

"Ó kúkú mọ̀. Gbogbo ohun tí o kọ ló gbé wálé, ó ń kà á nídìí oúnjẹ, ọbẹ̀ ń tutù. Ó ní irọ́ gidi ni, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ mọ iṣẹ́ ju òun lọ."

"Àánú mi ló ṣe wọ́n, mà."

"Ọkọ mi yìí kẹ̀? Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi dáná fún un. Kò yin ọbẹ̀ tí kò dùn rí."

"Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n wá yìn ín?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin."

Wọ́n wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Igbákejì rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di omijé, ìyàwó olóògbé sì fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.