Ọkùnrin Tó Ní Ká Gbé Òun Gun Òkè Ọ̀kà

Kì í ṣe òru ló ṣẹlẹ̀. Mo tètè sọ ìyẹn kí ẹnikẹ́ni má baà ní oorun ló ń kùn mí. Ọ̀sán ni, oòrùn wà lókè, ara mi dá ṣáṣá, n kò sì mu ju omi lọ. Ẹ gbà mí gbọ́ o, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló rí i.

Ìkàrẹ́ la wà nígbà náà, ó ku ọdún díẹ̀ ká gba òmìnira. Olùkọ́ ni ọkọ mi, èmi ń ránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa. Opó kan ní Ìwárò, ní Ọ̀kà, ló fún wa ní mọ́tò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ọkọ mi ló kọ́ ọmọ rẹ̀ títí ó fi yege ìdánwò, màmá opó náà sì ní ohun tí òun lè fi dúpẹ́ nìyẹn. Mọ́tò kékeré dúdú ni, ó ti wà láyé kí ogun òyìnbó kejì tó bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ igi máńgòrò ló wà láti ọdún pípẹ́, tí adìẹ ń yé sínú rẹ̀. Lọ́rì ló wọ́ ọ wá sí ẹ̀yìnkùlé wa.

Ẹ ò lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Ọkọ mi ní ìwé tó ṣàlàyé ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n èmi ni mo ní etí. Ẹni tó bá ti fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ ìránṣọ fún ọdún mẹ́wàá, ó mọ ìró irin tí ara rẹ̀ ò yá. Ọkọ mi á máa kàwé sókè, èmi á máa tú nǹkan. A fọ gbogbo ihò tí epo ń gbà, a pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì tó ń ta iná, a fi ẹnu fẹ́ páìpù títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń dùn wá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ mi ki irin tí wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnnì bọ iwájú mọ́tò, ó yí i lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì jí. Ariwo rẹ̀ gba àdúgbò kan. Ọkọ mi dì mọ́ mi níṣojú gbogbo ará ilé, ohun tí kò ṣe rí.

Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó ìgbà tí èèyàn fi máa ṣẹ́ etí aṣọ kan, ó kú. A dúró díẹ̀, a tún yí i, ó jí. Ó tún kú. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi ṣe wá bẹ́ẹ̀. Á máa ṣiṣẹ́ dáadáa, á kàn dákẹ́, bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ mi wà nílé ìwé, èmi nìkan wà lábẹ́ àtíbàbà tí mọ́tò wà. Mo yí irin náà fúnra mi. Ó jí, ó ṣiṣẹ́ díẹ̀, ó kú. Mo tẹ orí bọ ìdí ẹ́ńjìnnì. Ohùn kan wá sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́.

"Kì í ṣe ibẹ̀ yẹn."

Ọkùnrin gíga kan ni, ó wọ kákí, ó de bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn. Mo ní, ẹ káàsán, sà. Ó gbé àtẹ́lẹ́wọ́ lé irin ẹ́ńjìnnì tó ń gbóná janjan, ó sì fi í síbẹ̀. Kò ta kìjí. Mo ní lọ́kàn mi pé bóyá mẹkáníìkì ni, pé ọwọ́ wọn máa ń yi.

"Táńkì epo kò rí èémí mí," ó ní. "Tú ìdérí rẹ̀, wàá gbọ́."

Kí n tó gbéra, ó sún mọ́ mi. "Bó bá dára tán, ṣé ẹ ó gbé mi gun òkè Ọ̀kà?"

Ẹ wò ó, inú mi ti ń dùn ju kí n ronú lọ. "A ó gbé yín, sà."

Mo sáré lọ sẹ́yìn mọ́tò, mo tú ìdérí táńkì. Fíìììì. Afẹ́fẹ́ rọ́ wọnú rẹ̀. Ihò tín-ín-rín kan wà lára ìdérí náà, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé kí epo lè máa ṣàn. Ẹrẹ̀ ti dí i pa. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ mi ni mo fi gún un là.

Nígbà tí mo yíjú láti dúpẹ́, n kò rí ẹnìkankan.

Ìyá Rẹ̀mí, aládùúgbò wa, jókòó sí ọ̀nà kan ṣoṣo tó wọ ẹ̀yìnkùlé, ó na ẹsẹ̀ dí i, ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo bi í pé ọkùnrin tó jáde yẹn ńkọ́.

"Ta ló jáde?" ó ní. "Ohùn tìrẹ nìkan ni mo ń gbọ́."

Mo padà sídìí ẹ́ńjìnnì, mo rọra fọwọ́ kàn án. Gbogbo rẹ̀ ṣì ń jóni, àfi ibi tí ọwọ́ ọkùnrin yẹn wà. Ibẹ̀ tutù bí ìdí àmù.

N kò sọ fún ọkọ mi. Ẹ̀rù ń bà mí pé á ní ká má fọwọ́ kan mọ́tò náà mọ́. Nígbà tó dé, a yí i, ó sì ṣiṣẹ́ láìdákẹ́ títí àwa fúnra wa fi pa á. Ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé, èmi náà ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó di Sátidé, a gbéra lọ fi mọ́tò han màmá ní Ọ̀kà. A kọjá Àkùngbá, ọkọ mi ń kọrin. Ká sòótọ́, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ọkùnrin yẹn.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, ẹ̀yìn mọ́tò rì wálẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n lára, bí ìgbà tí ẹni tó sanra bá jókòó ti èèyàn lórí bẹ́ńṣì. Ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kérora. Mo wẹ̀yìn. Kò sẹ́ni níbẹ̀, ṣùgbọ́n awọ àga ẹ̀yìn ti tẹ̀ wọnú, ó sì wà bẹ́ẹ̀.

Ohùn náà sọ lẹ́yìn ọrùn wa pé, "Gíà kìíní."

"Mo ti gbọ́, Ìyá Bọ́dé," ni ọkọ mi wí, ó sì yí gíà.

Èmi ló rò pé ó sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ n kò la ẹnu.

Nígbà tí a gorí òkè, mọ́tò ṣàdédé fúyẹ́, ó ta síwájú. Awọ àga padà sípò. "Ṣé o rí bó ṣe gùn ún?" ọkọ mi ní. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò wo ojú mi.

Gbogbo Ìwárò ló gbọ́ ariwo wa, síbẹ̀ màmá kò jáde. Inú yàrá ni mo ti bá wọn, ọkọ mi sì dúró síta, ó ń fi mọ́tò han àwọn ọkùnrin. Mo kúnlẹ̀, mo béèrè bóyá ọkọ wọn ga, bóyá wọ́n máa ń wọ kákí. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé òun ló kú tí kò lọ.

Màmá tọ́ka sí fọ́tò lára ògiri. Ọkùnrin kúkurú, oníkùn ńlá. Kì í ṣe òun rárá.

"Ó ní kí ẹ gbé òun gun òkè?" Ohùn màmá kò ju ti ẹni tó ń gbàdúrà jẹ́jẹ́ lọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ta ni, mà?"

"A ò mọ̀ ọ́n. Inú mọ́tò la bá a. Ẹni tó tà á fún ọkọ mi ò sọ nǹkan kan. Ọkọ mi kọ̀, kò gbé e, láti ọjọ́ náà ni mọ́tò ò ti jí mọ́. Mo rò pé ó ti lọ." Wọ́n wò mí. "Ẹ gbé e?"

"A gbé e, mà. Ó sọ̀ lórí òkè."

Màmá yíjú sí ìhà òkè. "Ta ni yóò wá gbé e sọ̀kalẹ̀?"

Ọ̀nà yẹn náà la gbà padà. Oòrùn ṣì mú. Nígbà tí a dé orí òkè, ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bíréèkì.

"Ọkùnrin kan ń dá wa dúró," ó ní. "Jẹ́ ká gbé e."

Òkúta àti koríko nìkan ni mo rí. Mo di apá rẹ̀ mú. "Bàbá Bọ́dé, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má dúró."

Ó wo ojú mi, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Bí a ṣe kọjá, nǹkan gbá ara mọ́tò lẹ́yìn, gbàà. Ìgbà tí a dé Ìkàrẹ́ ni mo tó sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi.

Láti ọjọ́ kejì, mọ́tò kò jí mọ́. Epo ń ṣàn, iná ń ta, afẹ́fẹ́ ń wọlé, a yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan wá láti Ìṣùà, ó ní òun fẹ́ràn mọ́tò àtijọ́, òun sì fẹ́ gba tiwa. Ó yí irin náà lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ́ńjìnnì dáhùn. Ayọ̀ rẹ̀ pọ̀, ó bọ̀ wá lọ́wọ́ títí. A ń wo ilẹ̀, a ò sọ nǹkan kan fún un. Ó wà á lọ.

N kò mọ ibi tí mọ́tò náà wà lónìí. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ gba mọ́tò àtijọ́ tún ṣe nílé yín, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ni ín, kí ẹ sì wá ẹni tó ni ín ṣáájú rẹ̀ rí. Bí wọ́n bá ń wo ilẹ̀ tí wọn ò fẹ́ sọ̀rọ̀, bí èmi àti ọkọ mi ṣe ṣe, ẹ fi mọ́tò náà sílẹ̀ fún wọn.