Ìka Tí Mi Ò Tẹ̀

Kí n tó bú ẹnikẹ́ni nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bú ara mi. Ẹ̀rọ yẹn ò ṣe àṣìṣe kankan lọ́jọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èmi ni mo ṣe é. Wọ́n ní kí n di ìka àwọn àgbà mú, kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú gíláàsì. Mi ò tẹ̀ ẹ́. Ojú ń tì mí. Ní Ìlọrin tí wọ́n ti bí mi, ọmọdé kì í ṣàdédé gba ọwọ́ àgbàlagbà mú bí ẹní mú olè, pàápàá bó bá jẹ́ obìnrin. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni mo ń bù fún wọn. Iṣẹ́ wọn ni mo ń gbà lọ́wọ́ wọn.

Nígbà náà, gbogbo ẹnu ní Abuja ló ń sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Fóònù alágbèéká ti dọ́wọ́ àwọn tó ń ta omi inú ọ̀rá. Báǹkì ti ń gbé ẹ̀rọ tó ń pọ owó sára ògiri, àwọn èèyàn ń tò síwájú rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i bí ọmọ tuntun. Ìjọba náà wá ní àwọn fẹ́ mọ òṣìṣẹ́ tó wà lóòótọ́, nítorí ayédèrú òṣìṣẹ́, àwọn tí wọ́n ń pè ní iwin, ti pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbowó oṣù. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń ka ìlà ìka ni yóò yanjú ẹ̀. Inú gbogbo èèyàn dùn. Inú tèmi dùn jù. Mi ò kàwé kọjá girama, èyí tí mo kà náà kò parí síbi tó dáa, ṣùgbọ́n mo ti jókòó pẹ́ ní kafé íńtánẹ́ẹ̀tì kan ní Gwagwalada débi pé ọwọ́ mi yá lórí kíbọọ̀dù. Agbaṣẹ́ṣe kan gba iṣẹ́ ìtẹ̀ka ní ilé-iṣẹ́ ìjọba kan, ó kó àwa ọmọkùnrin mélòó kan jọ, ó sì fún wa ní táì. Mi ò wọ táì rí láyé mi.

Ẹ̀rọ náà ò tóbi ju ẹyọ ọṣẹ ìfọṣọ kan lọ. Gíláàsì kékeré wà lórí rẹ̀, iná pupa ń tàn lábẹ́ gíláàsì náà. Béèyàn bá gbé ìka lé e, àwòrán ìlà ìka rẹ̀ yóò jáde lójú kọ̀ǹpútà. Bí àwòrán náà bá hàn kedere, àmì àwọ̀ ewé yóò yọ. Bí kò bá hàn, àmì pupa. Ọ̀gá wa, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ, kọ́ wa pé bó bá pupa, kí a fi aṣọ tútù nu ìka ẹni náà, kí a dì í mú, kí a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ó tún fi bọ́tìnnì kan hàn wá. Béèyàn bá tẹ bọ́tìnnì yẹn, kọ̀ǹpútà yóò gba ìka náà bó ṣe rí, ì báà pupa bí ẹ̀jẹ̀.

Ó ní, "Ìgbà tí èrò bá pọ̀ jù nìkan lẹ máa lò ó o."

Èrò ti pọ̀ jù kí a tó tan kọ̀ǹpútà.

Mo ń tẹ ìka àwọn ọ̀dọ́. Ọmọ Gwari kan tó ń tọ́jú òdòdó, tí ọwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi nítorí ọkọ́, mo nu ìka rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́, ó gbà. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà bá jókòó, ohùn mi á yí padà. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa gbé ìka yín lé e." Wọ́n á rọra fọwọ́ kàn án bí ẹni tó ń wò ó bóyá áyọ́ọ̀nù ti gbóná. Pupa. Màá tẹ bọ́tìnnì. Ẹlòmíràn.

Bẹ́ẹ̀ ni ìyá náà ṣe dé iwájú mi. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ó ń gbálẹ̀, ó sì ń fọ ilé ìyàgbẹ́ nínú ọ́fíìsì yẹn láti ìgbà tí ọ́fíìsì náà ti wà l'Ékòó. Opó ni nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi fẹ́ ẹ. Mo ti ń sáré kiri àgbàlá lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wọ ilé wa, nítorí náà ọkọ ló ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tó bí mi. Yàrá rẹ̀ ní Gwagwalada ni mo sùn sí nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Abuja. Ó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Ó ti mọ ògiri ilé kan dé òrùlé l'Ọ́yọ̀ọ́, owó ìfẹ̀yìntì ló sì fẹ́ fi kan páànù.

Ó figbe ta. "Háà, ọkọ mi! Ṣé ẹ̀yin lẹ wọ táì báyìí? Ẹ wá wo ọkọ mi o!"

Obìnrin kan lẹ́yìn rẹ̀ ní, "Màmá, ọkọ yín mà kéré o. Ṣé ó ti lè gbé yín?"

"Ẹ fi ọkọ mi sílẹ̀, ẹ̀ ń jowú ni."

Gbogbo èrò tó tò bú sẹ́rìn-ín. Ó gbé ìka lé ẹ̀rọ. Pupa. Ó tún un gbé. Pupa. Omi ọṣẹ olóró tó fi ń fọ ilé ìyàgbẹ́ ti họ ìka rẹ̀ títí ó fi ń dán bí ẹ̀yìn ṣíbí. Ó na ọwọ́ sí mi. "Ẹ dì í mú, kí ẹ bá mi ṣe é." Mo wo àwọn tó ń wò wá. Mo rò ó pé kí n di ọwọ́ ìyàwó ilé wa mú lójú gbogbo ayé, ara mi bù máṣọ.

Mo ní, "Ó ti tán, Ìyá. Ẹ ti wọlé."

Mo tẹ bọ́tìnnì.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni wọ́n tún gbé ẹ̀rọ padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, kálukú yóò gbé ìka lé e kó tó gbowó oṣù, kí ẹ̀rọ fi wé èyí tí a tẹ̀ níjọ́sí. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá bára mu, ayédèrú ni. Ẹ̀rọ kọ ìyá. Ó kọ awakọ̀ àgbàlagbà kan. Ó kọ púpọ̀ nínú àwọn tí mo bọ̀wọ̀ fún. Owó oṣù wọn dúró.

Ìyá ò dẹ́kun iṣẹ́. Láràárọ̀ ló ń wọ bọ́ọ̀sì láti Gwagwalada wá gbálẹ̀ fún àwọn tó ní kò sí. Akọ̀wé kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò ní làákàyè, tó máa ń pariwo bó bá ti rí i pé, "Màmá Iwin, ẹ káàárọ̀ o! Ṣé iwin náà ń gbálẹ̀?"

Ìyá á ní, "Iwin ló nu àga tó o fìdí lé yẹn. Dìde, kí iwin nu ìyókù."

Ó ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ níbi iṣẹ́. Nígbà tó wá bá mi nílé, kò ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó jókòó, ó tú gèlè, ó ní, "Ọkọ mi, wọ́n ní mi ò sí. Ìgbìmọ̀ kan fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ wa. Ẹ bá mi dé ibẹ̀, kí ẹ sọ pé ẹ rí mi."

Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, mo gbé ẹ̀rọ kan àti kọ̀ǹpútà alágbèéká kan kúrò ní ọ́fíìsì wa láìsọ fún ẹnikẹ́ni, mo gbé wọn lọ sí yàrá rẹ̀. Mo rẹ aṣọ sómi, mo nu àtàǹpàkò rẹ̀, mo sì tún ń fi ìka méjì mú un.

Ó ní, "Ẹ tẹ̀ ẹ́! Ìka ni, kì í ṣe ẹyin."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo tẹ ìka náà mọ́ gíláàsì. Àmì àwọ̀ ewé yọ. Mo tún tẹ òmíràn. Àwọ̀ ewé. Ìyá sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, ó ń wo àwọn ìlà yẹn, wọ́n rí roboto bí ìgbà tí omi bá ń fẹ̀ nínú kòtò.

"Èmi nìyẹn?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá."

"Háà! Mo mà wà o!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú títí dòní ni pé gbogbo ẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Monday, mo lọ bá ọ̀gá wa. Mo ní, "Ọ̀gá, mo gbé ẹ̀rọ lọ sílé ìyá agbálẹ̀ lánàá, ìka rẹ̀ gbà. Èmi ni mi ò ṣe é dáadáa níjọ́sí. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe, fún òun àtàwọn àgbà yòókù."

"Ta ló rán ẹ pé kó o gbé ẹ̀rọ wa lọ sílé agbálẹ̀?"

"Ẹ forí jì mí, sà. Ṣùgbọ́n èèyàn gidi ni wọ́n."

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tó tọ̀ sílé. "Ìwọ gbọ́. Iye ayédèrú tí a mú ni wọ́n ń yìn wá sí. Òun ni wọ́n gbé sórí tẹlifíṣọ̀n. Òun ló mú báǹkì pè wá kí a wá máa tẹ ìka àwọn oníbàárà wọn fún káàdì. O wá fẹ́ kí n lọ sọ fún wọn pé èèyàn gidi wà nínú wọn?"

"Wọ́n wà níbẹ̀, sà."

"Ẹ̀rọ ò purọ́, ọ̀rẹ́. Ìwọ lo purọ́ fún un."

Òótọ́ ló sọ. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní bí mo bá lanu níwájú ìgbìmọ̀, òun á ní mo jí ẹ̀rọ gbé, ọlọ́pàá á sì wá mú mi. Bí mo bá dákẹ́, èmi lòun máa fi ṣe olórí àwọn ọmọ tó máa ṣiṣẹ́ báǹkì.

Inú yàrá ìpàdé ní ọ́fíìsì yẹn ni ìgbìmọ̀ jókòó sí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó wà níbẹ̀. Ọ̀gá àgbà ọ́fíìsì náà tó ṣe alága, ìyá yìí ló ń gbá yàrá rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dé ipò. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ti bá a jẹun rí. Máigádì tó ṣílẹ̀kùn fún wa ṣẹ̀ṣẹ̀ kí i ni, "Sànnu, Mama," bó ṣe máa ń kí i láràárọ̀. Tábìlì tí wọ́n gbé ìgbọ̀nwọ́ lé láti bèèrè bóyá ó wà, òun ló nù ún kí wọ́n tó wọlé. Kò sẹ́ni tó jẹ́ wí pé, "Ṣé a ti ya wèrè ni?"

Ọ̀gá àgbà ní, "Màmá, èmi mọ̀ yín. Ẹ̀rọ ni kò mọ̀ yín. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?"

Ìyá nawọ́ sí mi. "Ọmọ ilé wa nìyí, sà. Òun ló jókòó nídìí ẹ̀rọ."

Wọ́n yíjú sí mi. Ọ̀gá wa wà nítòsí fèrèsé, ó ń fi fóònù rẹ̀ ṣeré.

"Ṣé ìwọ lo tẹ ìka màmá yìí?"

Mo ní, "Èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà, sà. Mi ò lè rántí."

Ìyá ò bú mi. Mi ò mọ̀ bóyá ó wò mí, nítorí ilẹ̀ ni mo ń wò. Ó ní, "Ó dáa, sà. Mo dúpẹ́." Nígbà tó ń jáde, ó kó àwọn ife tíì tí wọ́n ti mu tán lórí tábìlì, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Wọ́n yọ ọ́ níṣẹ́ láìfún un ní kọ́bọ̀ ìfẹ̀yìntì. Aṣọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń fọ̀ ní Gwagwalada báyìí. Ilé Ọ̀yọ́ ò ní páànù, òjò ti ń wó ògiri rẹ̀. Bí mo bá kí i, ó ń dá mi lóhùn. Ó ń bèèrè ara àwọn ará ilé. Ì bá sàn kó bú mi.

Èmi ṣe iṣẹ́ báǹkì. Mo ṣe olórí. Mo ń di ọwọ́ àgbà mú báyìí, mo ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń pè mí ní ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́, ìka wọn sì ń wọlé. Bí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ lórí rédíò pé ẹ̀rọ tuntun ti fẹ́ mú ayé rọrùn, mo máa ń fẹ́ bi í pé ayé ta ni. Kí ẹ̀rọ náà wá, mi ò kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ agbálẹ̀ rẹ̀ lójú, tó mọ ohùn rẹ̀, tó sì ní kí nǹkan tó tóbi tó ọṣẹ wá sọ fún òun bóyá obìnrin náà wà, ẹ má sọ fún mi pé ọ̀làjú nìyẹn.

Láìpẹ́ yìí, mo pàdé akọ̀wé ìgbìmọ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Mo bi í bóyá ọ̀rọ̀ ìyá ti kú pátápátá. Ó ní rárá. Bí ẹni tó jókòó nídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ yẹn bá lè fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ni òun ò ṣe é dáadáa, dandan ni kí wọ́n tún ẹjọ́ náà yẹ̀ wò. Ọ̀gá àgbà ṣì wà nípò. Gwarinpa ló ń gbé.

Mo ti dé ẹnu géètì ilé náà. Ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ bèèrè ẹni tí mo ń wá. Mo ní mo ṣìnà. Gbèsè ọ̀rọ̀ tí mo jẹ ìyá kò gùn: kí n dúró níwájú ọkùnrin yẹn kí n ní, "Mo rí i, sà. Iwájú mi ló jókòó sí. Ẹ̀bi mi ni." Mo ń sọ ọ́ fún yín níbí, ẹ̀yin tí ẹ ò lè dá ohunkóhun padà fún un. Mi ò tíì sọ ọ́ níbẹ̀.