Omi Ewúro fún Àgbò Àǹtí Mi

Ẹ má sọ fún mi pé ewé ò ṣeé dánwò. Mo ti gbọ́ ọ títí ó ti sú mi. Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní yunifásítì ló kọ́kọ́ sọ ọ́, èmi tí mo lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá omi ewúro ń pa aràn inú àgbò. Ó ní bí mi ò bá rí ìyàtọ̀ kankan, kí n gbé ewé jù sílẹ̀, kí n gbájú mọ́ oògùn òyìnbó. Mo ní kò burú, a ó jọ rí i.

Ọ̀dọ̀ Àǹtí mi, àbúrò bàbá mi, ni mo lọ ní Ìta Fájì. Wọ́n ń sin àgbò méjì de Iléyá nínú àgbàlá wa. Aràn ti mu ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì débi pé tí a bá ṣí ìpéǹpéjú wọn, inú rẹ̀ funfun. Mo ní kí Àǹtí fún ọ̀kan ní ewúro, kí wọ́n má fún èkejì ní nǹkan kan. Wọ́n gbà. Mo ń gbé ìgbẹ́ àgbò gba Apọ́ngbọ̀n lọ sí láàbù, àwọn èrò ọkọ̀ ń fọwọ́ bo imú. Nígbà tí èsì jáde, aràn ti dín lára àwọn méjèèjì bákan náà. Olùkọ́ mi rẹ́rìn-ín.

Mo délé, mo bi Àǹtí. Wọn ò tilẹ̀ sẹ́.

“A kì í fún ọmọ kan lóògùn ká fi ìkejì ẹ̀ sílẹ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ fún Ọlọ́run?”

Inú bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ṣùgbọ́n mi ò gbé ewé jù sílẹ̀.

Nígbà tí òjò dé, tí aràn tún padà sí wọn lára, mo fún omi ewúro sínú ìgò kan, mo fún omi ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sínú èkejì, mo fi ọ̀rá dúdú wé méjèèjì. Mo ní kí Àǹtí fún àgbò kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀. Inú wọn dùn pé méjèèjì rí oògùn. Ọ̀kan ń jà, àmọ́ èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù, tí wọ́n ń pè ní “ọkọ mi”, ń mu tiẹ̀ tán.

“Ọkọ mi kì í kọ oògùn,” wọ́n ń yangàn.

Inú ìpéǹpéjú èyí tó ń jà pọ́n. Ti ọkọ Àǹtí ṣì funfun, láàbù sì sọ bákan náà. Kí n tó fi han ẹnikẹ́ni, mo gbé ìgò omi ewúro gidi lọ bá Àǹtí, mo jẹ́wọ́ ohun tó wà nínú ọ̀rá.

“Ẹ̀fọ́ ni mo ti ń fún ọkọ mi?”

“Ẹ̀fọ́ ni, Àǹtí. Ẹ gbá mi létí tẹ́ ẹ bá fẹ́. Ní yunifásítì, wọ́n á ní àgbò méjì kéré, màá tún un ṣe. Àmọ́ wọn ò ní fi ewúro yín rẹ́rìn-ín mọ́.”

Àǹtí gba ìgò, wọ́n di orí àgbò wọn mú, wọ́n dà á sí i lẹ́nu. Ó tọ́ ọ wò, ó fi orí gbá wọn láyà.

Omijé dé ojú Àǹtí, wọ́n tún di orí rẹ̀ mú.

“Òun nìyí,” wọ́n ní. “Mu ún.”