Ìyá Tó Wá Gba Ilé Ọmọ Wọn

Òórùn fọ́málìn, omi tí a fi ń tọ́jú ẹ̀yà ara kó má baà jẹrà, ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn nílé àyẹ̀wò tí mo ti kọ́ṣẹ́ ní Igbó Ẹfọ̀n. Á ta ọ́ nímú débi pé ojú rẹ á ṣomi. O mọ bí mo ṣe fẹ́ràn àtojúbọ̀ tó. Lọ́jọ́ tí ilé ọmọ kan dé nínú ike, èmi ni mo kọ́kọ́ na ọrùn. Mo ti há orúkọ gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ sórí nílé ìwé, àmọ́ n kò fojú rí i rí.

Kò pẹ́ tí ẹni tó ni ín fi dé. Màmá kan tó ń ta aṣọ ní Jakande ni, wọ́n wọ híjáàbù, wọ́n sì fi aṣọ funfun kan há abíyá. Nǹkan oṣù wọn ti dáwọ́ dúró tipẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi yọ ọ́, tó ní ká wò ó bóyá jẹjẹrẹ ni.

"Mo wá gbà á ni. Àlùfáà wa ní ohun tó bá kúrò lára Mùsùlùmí, sínsin ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e."

Ọ̀gá mi fa àga fún wọn. "Màmá, tá ò bá gé e, a ò ní mọ nǹkan tó ń ṣe yín. Díẹ̀ la máa mú. Tí rìsọ́ọ̀tì bá jáde, ẹ máa gbé ìyókù lọ."

Màmá jókòó, wọ́n gbé aṣọ funfun náà lé ẹsẹ̀. Wọ́n ní, "Kí n rí i ná."

Ọ̀gá wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n gbé e jáde. Kò ju gúáfà lọ. Wọ́n fi ọrùn rẹ̀ hàn nísàlẹ̀, àti ọ̀nà tóóró méjì tí ẹyin máa ń gbà wọlé.

"Ṣé inú eléyìí lọmọ mẹ́rin gbé?"

"Iṣan ni, Màmá. Á fẹ̀, tẹ́ ẹ bá bímọ tán, á tún sún kì."

Màmá bú sẹ́rìn-ín. "Àbíkẹ́yìn wọn ti fẹ́ẹ̀ kan òrùlé!" Wọ́n nu ojú. "Ẹ gé e. Díẹ̀ o."

A mú ègé díẹ̀, a fi ìda dì í, a rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a sì rẹ ẹ́ láró. Nígbà tí mo bojú wo inú awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, háà! Awọ inú ilé ọmọ náà kún fún òrùka kéékèèké elésè àlùkò, òmíràn fẹ̀, òmíràn wọ́ kọ́rọkọ̀rọ. Ó lẹ́wà, ẹ̀rù sì bà mí pé ohun tó lẹ́wà báyìí lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Ọ̀gá wò ó títí. Wọ́n ní kì í ṣe jẹjẹrẹ, awọ yẹn ló kàn nípọn jù.

Nígbà tí màmá padà wá gbọ́ èsì, wọ́n ní àwọn náà fẹ́ wò ó. Wọ́n fojú sí i, wọn ò fẹ́ dìde mọ́. "Èmi rèé?"

"Ẹ̀yin ni, Mà," ni mo dáhùn.

Wọ́n fi aṣọ funfun wé ìyókù. Wọ́n wá bi mí léèrè ègé inú ìda. Mo ṣàlàyé pé ó gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ wa, bóyá a máa tún un yẹ̀ wò. Inú wọn ò dùn sí i. Wọ́n wá sún mọ́ mi, wọ́n sọ orúkọ wọn sí mi létí. Kì í ṣe èyí tí a kọ sára ike. Orúkọ tí ìyá wọn fi ń pè wọ́n ni. "Kó má dà bí ẹni tí ò lẹ́nìkan," ni wọ́n wí.

N kò ní sọ orúkọ náà fún ọ. Àmọ́ títí dòní, kí n tó fi ọ̀bẹ kan ilé ọmọ ẹnikẹ́ni, mo máa ń kọ́kọ́ pe orúkọ ẹni tó ni ín jáde lẹ́nu. Àwọn tí mo ń kọ́ níṣẹ́ rò pé torí kí n má baà ṣàṣìṣe ni.