Ẹni Tó Jókòó Síwájú Nínú Ọkọ̀ Àkápọ̀

Ìyá Onítápólì ò gba gọ́ọ̀mù gbọ́. Ohun tí abẹ́rẹ́ bá kọjá nínú rẹ̀ nìkan ló mọ̀ sí ohun tó so pọ̀. Èyí tí wọ́n bá kàn lẹ̀, ó ní irọ́ ni wọ́n ń pa fún aṣọ. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó ń rán tápólì fáwọn onílọ́rì, ó ń rán àgọ́, ó ń rán aṣọ tí wọ́n fi ń bo ọkọ̀ ojú omi. Ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, òkè pátápátá sì ni yàrá méjì tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ há débi pé bí ẹni méjì bá pàdé, ọ̀kan gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri.

Dírẹ́bà ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ rẹ̀, torí ọkọ̀ ojú irin ló fi ayé rẹ̀ wà. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Àwàdà lásán ló fi fẹ́ ìyàwó, kò ní kọ́bọ̀. Àfi bó ṣe fẹ̀yìn tì tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀. Kò bínú, kò ṣàìsàn, dókítà wò ó títí, kò rí nǹkan kan. Á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, á máa wo òkun lójú fèrèsé. Bó bá ti ní "o ṣeun" lẹ́yìn oúnjẹ, ó di ọjọ́ kejì. Ìyàwó rẹ̀ ò fẹ́ kú láìtún gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ dáadáa, ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn kò ju ìyẹn lọ. Ló bá ní òun á ra ọkọ̀ tí àwọn méjèèjì á jọ máa gbé lọ sójú òkun, bóyá afẹ́fẹ́ á tú ahọ́n rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ wo ló fẹ́ gba orí àtẹ̀gùn yẹn? Ìgbà náà ni wọ́n júwe káyáàkì àkápọ̀ fún un: ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tú egungun rẹ̀ palẹ̀, tí wọ́n ń ká awọ rẹ̀ bí ẹní, tí gbogbo rẹ̀ á wọ inú àpò kan tí èèyàn lè gbé kọ́ ẹ̀yìn. Ó kọ́kọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá. Ọkọ̀ wọn ń dán, ẹni tó ń tà á náà ń dán. Ó dojú ọkọ̀ dé, ó fi èékánná wá ojú ìránṣọ, kò rí. Gọ́ọ̀mù ni! Ó kí wọn pé ó dàbọ̀.

Ọ̀dọ̀ opó kan ló ti wá rí èyí tó wù ú, ìyá àgbà kan tó ti ṣe tíṣà rí, tó fẹ́ ta ọkọ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Egungun onígi ni, awọ kánfáàsì tó nípọn, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n rán ní ìlà méjì méjì. Ìyá Onítápólì fọwọ́ pa á títí bí ẹni tó ń pa orí ọmọ. Ohun kan ṣoṣo ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn: ọkọ̀ ẹni méjì ni, àmọ́ nínú ihò méjì tí èèyàn ń jókòó sí lókè rẹ̀, wọ́n ti fi aṣọ rán ti iwájú pa. Opó náà ní kí wọ́n jọ̀ọ́ má tú u, kí ẹni tó bá rà á máa dá jókòó sẹ́yìn. Kò ṣàlàyé. Ìyá Onítápólì ní òun ò ní tú u láéláé, ó sanwó, ó gbé e. Ẹ wo irọ́ gbuu! Ta ló ń ra ọkọ̀ ẹni méjì láti máa dá wà á?

Lọ́jọ́ kejì, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì ìránṣọ. Ẹlòmíì ì bá fi ọ̀bẹ gé e, kó parí ẹ̀, àmọ́ ẹni tó ń rán nǹkan kì í tú iṣẹ́ ẹlòmíì láìkọ́kọ́ wá kókó rẹ̀. Ó wá kókó òwú lókè, kò sí. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́, ó bá wọn níbẹ̀, gbogbo wọn, kéékèèké, wọ́n fún pinpin. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ránṣọ ni kókó máa ń wà. A jẹ́ pé inú ọkọ̀ lẹni tó rán ihò yẹn pa wà nígbà tó ń rán an. Ara rẹ̀ ṣe gìrì. Ó ní bóyá ńṣe ni wọ́n yí inú awọ náà síta kí wọ́n tó rán an, ló bá mú abẹ́rẹ́, ó tú u. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, àmọ́ ẹni tó ń wá ohùn ọkọ rẹ̀ ò ráyè ìyẹn.

Dírẹ́bà dé fìlà, ó bá a gbé àpò dé etí òkun. Obìnrin náà to egungun, ó fa awọ bò ó, ó wọ inú omi dé orúnkún. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di ọkọ̀ mú kó má baà fì, ó ní kí Dádì, bó ṣe máa ń pe ọkọ rẹ̀, wọlé. Nígbà tó máa gbójú sókè, ọkùnrin onífìlà kan ti jókòó síwájú, ó kẹ́yìn sí i. Òun náà wọlé sẹ́yìn, ó mú àjẹ̀, wọ́n kọjú sí agbami.

Wọn ò tíì kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́ tí ọ̀rọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Ohùn ọkọ rẹ̀ ni, ohùn àtijọ́ gan-an! Ó sọ̀rọ̀ arìnrìn-àjò kan tó sùn kọjá ibi tó ń lọ, tó wá ń bá fèrè ọkọ̀ jà. Ìyá Onítápólì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn ju ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ lọ.

Bí wọ́n bá gúnlẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ fa ọkọ̀ sókè, tó wá nàró, Dírẹ́bà ti wà lórí iyanrìn, ẹnu ti pa dé. Aṣọ tirẹ̀ á rin gbingbin, ti ọkọ rẹ̀ á gbẹ táútáú. Ó ní àǹfààní kánfáàsì gidi nìyẹn. Àwọn ìtàn tó ń gbọ́ wá ń yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni iwájú sọ̀rọ̀ ọgbà òdòdó kan tí òun àti ọkọ rẹ̀ ò tíì ní láyé wọn. Lọ́jọ́ kan ó pe obìnrin náà ní "Tíṣà mi", ìyẹn rò pé àwàdà ni. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá jáde, ó máa ń ní kí wọ́n tún lọ síwájú díẹ̀ sí i, kí wọ́n kọjá àpáta, kí wọ́n kọjá ibi tí omi ti dúdú. Obìnrin náà ń wà á lọ. Ilé ti ń sú u.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ti òkun dé, wọ́n gbé àpò sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Dírẹ́bà lọ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Inú bí ìyàwó rẹ̀ wàyí.

"Dádì, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín? Lórí omi, ẹnu yín kì í dúró. Bá a bá ti délé, ẹ ó dákẹ́ bí ẹni tí ò mọ̀ mí rí."

Dírẹ́bà kọjú sí i.

"Mi ò tíì wọ ọkọ̀ yẹn rí."

Ó ní bí ìyàwó òun bá ti ní kóun wọlé, kóun tó ká ṣòkòtò sókè tán, á ti wa ọkọ̀ lọ. Orí iyanrìn lòun máa ń jókòó sí, tóun á máa gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ lókèèrè.

"Mo máa ń pè ọ́, o kì í wẹ̀yìn. Mo ní bóyá o ti rí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ jù mí lọ. Ẹ̀rù ń bà mí pé lọ́jọ́ kan, o ò ní padà mọ́."

Ìyá Onítápólì jókòó tì í. Òtútù mú un, ojú tì í, àánú ọkùnrin náà sì ṣe é dọ́kàn. Ẹni tó ń tìtorí rẹ̀ lọ sójú agbami, etí omi ló ń fi í sílẹ̀ sí. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó máa bá òun sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ yòówù kó jẹ́, kó má ṣáà dákẹ́.

Ọkùnrin náà gbìyànjú, ẹni ẹlẹ́ni. Ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọkọ̀ kan tó bà jẹ́ sáàárín igbó, bí àwọn èrò ṣe sọ̀kalẹ̀, bí ìyá ọlọ́mọ kan ṣe gbé ọmọ rẹ̀ fún òun pé kóun bá ìyá náà dì í mú. Ó dúró, ó ń wá ọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ rọra fún ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ pé kó máa bá a lọ.

Ẹnu Dírẹ́bà ṣì wà ní pípadé nígbà tí ohùn rẹ̀ parí ìtàn náà láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí àpò ọkọ̀ wà.